Irin Ẹnu Ẹṣin Ajẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti yọ mí lẹ́nu tó. Ọ̀kan nínú yín fẹ́ kọ́ṣẹ́ aṣọ híhun, ọ̀kan fẹ́ máa bá àwọn oníṣòwò rìn lọ sí Ìlọrin, ẹ̀kẹta sì ń wo àgbẹ̀dẹ bí ẹni ń wo ajá onílé tí kò mọ̀ bóyá ó ń bù ni jẹ. Ẹ ní kí àbúrò bàbá yín jókòó, kó sọ bí iṣẹ́ ṣe rí fún òun láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ayé òun. Ó dára. Ìwé tí mo mọ̀ kò pọ̀. Oṣù mélòó kan ni mo fi jókòó lọ́dọ̀ àwọn oníwàásù l'Ábẹ́òkúta nígbà tí mo lọ ra irin, lẹ́tà tí mo sì ń kọ rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ tó ń sá fún àṣá. Ẹ fara dà á, ẹ máa tọ ẹsẹ̀ adìyẹ náà lọ.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn: mo jẹun, mo fẹ́yàwó, òrùlé mi kò jò. Bí mo ṣe wọṣẹ́ náà kò gùn: bàbá mi mú mi lọ sí àgbẹ̀dẹ Baba Ògúndélé ní Òmù-Àrán, ó fi obì bẹ̀ ẹ́, ó yíjú padà, ó lọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ẹ̀yìn bàbá mi. Baba Ògúndélé ní, "Àjàní, ẹ̀yìn bàbá rẹ kọ́ ni wàá rọ. Wá fẹ́ná."

Ọdún méjì ni mo fi fẹ́ná. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹwìrì tiwa nígbà náà, awọ ewúrẹ́ méjì ni wọ́n dè mọ́ ìkòkò igi, ọ̀pá kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ẹ ó máa gún un bí ẹni ń gún iyán fún àlejò tí kì í yó. Bí mo bá gún un yára jù, ọ̀gá á ní, "Ìwọ àti ta ni ẹ jọ ń sáré?" Bí mo bá rọra, á ní, "Ṣé o ti kú ni? Ká ránṣẹ́ sílé yín?" Kì í nani. Ẹnu rẹ̀ tó pàṣán.

Ó lójú tó ń rí nǹkan tí ojú wa kò rí. Ó lè dẹ̀yìn kọ iná, kó máa bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ oko, kó sì kígbe lójijì pé, "Yọ ọ́!" Ẹni tó di ẹmú mú kò ní tíì mọ̀ pé irin ti tó yọ. Ó ní òun ń gbọ́ ọ ni. Èmi fetí sílẹ̀ títí, ikùn ara mi nìkan ni mo ń gbọ́ tó ń kùn fún oúnjẹ.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọ nǹkan kéékèèké: abẹ́rẹ́ ìdirun, ọ̀bẹ ilá, ẹnu ọfà. Lẹ́yìn náà ọkọ́ àti àdá. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù. Irin pupa kò bà mí lẹ́rù. Mo jóná lápá, mo jóná nítan, mo jóná níbi tí n kò lè fi hàn yín. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni jíjó irin pọ̀. Ìdí rèé tí mo fi mú ìwé yìí, nítorí ẹni tó bá fẹ́ wọ àgbẹ̀dẹ, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní jíjó.

Bí nǹkan bá ṣẹ́, ọ̀nà tí èèyàn fi lè mú un padà pọ̀. Ẹ lè so ó, bí ẹni so ìgbálẹ̀. Ẹ lè lu ihò sí ojú méjèèjì, kí ẹ fi ìṣó kàn án. Bó bá jẹ́ idẹ, ẹ lè yọ́ òjé lé e lórí kó lẹ̀ mọ́ra. Àwọn wọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ohun tí a so, ó ń rántí pé méjì lòun. Ohun tí a kàn, ìṣó rẹ̀ á jẹrà lọ́jọ́ kan. Jíjó nìkan ló ń sọ irin méjì di ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò ní lè tọ́ka sí ibi tí ọ̀kan parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bi ọ̀gá mi léèrè nígbà kan pé, "Baba, kí ló dé tí a ń pè é ní jíjó? Sísopọ̀ ni irin ń so pọ̀, kì í ṣe pé ó ń jóná."

Ó ní, "Jókòó." Ó wá pa ìtàn kan. Ó ní láyé àtijọ́, alágbẹ̀dẹ kan ki ọkọ́ méjì tó ti ya bọ iná pọ̀. Ìyàwó rẹ̀ pè é wá jẹun. Nígbà tó padà, irin méjèèjì ti funfun báláú, wọ́n ń ta iná bí àgbàdo tó ń dún nínú agbada. Ó kígbe pé, "Mo gbé! Wọ́n ti jó!" Inú bí i, ó gbé wọn lé orí òkúta, ó fi owú, òòlù àgbẹ̀dẹ, fọ́ wọn lórí tìbínú-tìbínú. Nígbà tí irin tutù, ó fẹ́ yà wọ́n. Wọn kò yà mọ́ títí di òní. Ni àwọn arọ́, ìyẹn àwa alágbẹ̀dẹ, bá ń pe iṣẹ́ náà ní jíjó, nítorí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ẹni àkọ́kọ́ jáde nìyẹn.

Mo gba ìtàn náà gbọ́ títí mo fi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, tí alágbẹ̀dẹ náà kò lọ jẹun mọ́, tó jẹ́ pé ó bá ìyàwó rẹ̀ jà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó sùn lọ. Ìyá, ìyẹn ìyàwó ọ̀gá mi, máa ń sọ láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Àjàní, bóyá ó jẹun, bóyá ó jà, ẹ̀bi ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n á ṣáà pè é." Nítorí náà n kò lè búra fún ìtàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá fi ń parí rẹ̀ kì í yí padà. Á ní, "Irin tí kò bá dé ẹnu ọ̀nà ikú kò ní í jó pọ̀. Mú un dé ẹnu ọ̀nà, kí o pè é padà. Bí o bá pè é kò tíì dé ibẹ̀, irọ́ lo jó. Bó bá wọlé tán kí o tó pè é, ìdàrọ́, pàǹtí irin lásán, ló kù sí ọ lọ́wọ́."

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ẹ ó ki ojú irin méjèèjì bọ iná. Á pọ́n bí ẹyìn. Á di bí òróró ẹyìn tí oòrùn tàn sí. Ẹ ó bu erùpẹ̀ ọ̀gán tí a ti gún kúnná wọ́n ọn, erùpẹ̀ náà á yọ́ bo irin bí oyin, kí ìdọ̀tí má bàa wọ àárín. Ẹ ó dá a padà. Á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ibẹ̀ ni ojú ti ń ro èèyàn. Á funfun sí i. Lójijì, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná pàrà-pàrà. Ìgbà yẹn gan-an ni, kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ yọ wọ́n, ẹ gbé wọn lé ara wọn, ẹ lù wọ́n. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́fà dúró dípò mẹ́ta, irin onírin ti jóná, á máa já bí àkàrà tó ti pẹ́ jù nínú epo.

Ìṣẹ́jú tí mo ń sọ yìí, ìṣẹ́jú tí ojú fi ń ṣẹ́ ni o, ẹ má lọ rò ó sí nǹkan mìíràn.

Èmi kò lè dúró dé ìgbà tí yóò ta iná. Ẹ pè mí ní ojo, mo ti pe ara mi bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dáyé. Gbàrà tí irin bá bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ọkàn mi á ti rí ìdàrọ́, á ti rí ọ̀gá tó ń bi mí pé ṣé ká ránṣẹ́ sílé wa. Ọwọ́ mi á fà á yọ. Mo ń lù ú, ó ń lẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, ó dà bí èyí tó jó. Ọ̀gá á gbà á, á fi lu òkúta lẹ́ẹ̀kan, á sì là sí méjì. Á gbé ìdajì kọ̀ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń pín obì. "Gba tìrẹ. Gba ti ojo."

Òfin àgbẹ̀dẹ wa nìyí: ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá fẹ́ gba òmìnira, á jó irin méjì pọ̀ lójú ọ̀gá. Ọ̀gá á ki i bọ àárín àpáta, á tẹ̀ ẹ́ títí á fi ṣẹ́. Gbogbo irin ló ń ṣẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́ tó. Ohun tí ọ̀gá ń wò ni ibi tó ti ṣẹ́. Bó bá ṣẹ́ ní oríkèé, níbi tí a ti jó o, ọmọṣẹ́ á padà sídìí ẹwìrì. Bó bá ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí oríkèé kò sì mira, ọmọṣẹ́ ti di arọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ni tèmi ti ṣẹ́ ní oríkèé. Àwọn tí a jọ wọṣẹ́ ti ń gba ìkíni níbi tiwọn.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí ẹṣin Ajẹ́lẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yin kò bá Ajẹ́lẹ̀ láyé, ẹ ṣe ọpẹ́. Nígbà náà, Ìlọrin ló ń pàṣẹ fún wa, Ajẹ́lẹ̀ sì ni ojú, etí àti ọwọ́ wọn láàárín wa. Ohun tó bá wù ú ló ń mú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́, a lè má rí i mọ́ ní Òmù-Àrán. Ó ní ẹṣin pupa kan tó fẹ́ràn ju àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sùlé ló sì ń tọ́jú ẹṣin náà. Sùlé gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni ẹṣin tí wọ́n ń gùn lọ síwájú ọba.

Ọ̀gá mi lọ sí ìsìnkú àna rẹ̀ ní Ìsánlú-Ìsin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Sùlé ya wọlé, ó ju ìjánu sílẹ̀ níwájú mi. Irin tó ń wọ ẹnu ẹṣin ti ṣẹ́ láàárín.

"Arọ́ kékeré, baba rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n lọ sóde."

"Kò kàn mí. Ìléyá kù dẹ̀dẹ̀. Àárọ̀ ọ̀la là ń gbéra lọ sí Ìlọrin. Ẹ bá wa jó o kí oòrùn tó wọ̀."

Ìyá jáde láti inú ilé, ó fi ojú pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àjàní, sọ fún un pé onílé ò sí nílé. Kó gbé e lọ sí Àrán-Ọ̀rin. Arọ́ wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tó ye ọmọ ọwọ́ nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rù ń ṣe. Mo ń bẹ̀rù láti jó irin náà. Ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀rù Sùlé ju irin lọ, mo sì ń bẹ̀rù kí Sùlé mọ̀ pé mo ń bẹ̀rù ju méjèèjì lọ. Mo wú àyà. Mo ní, "Ṣé irin yìí nìkan ni? Ẹ fi sílẹ̀."

Mo dá iná. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe tọ́. Mo wọ́n erùpẹ̀ ọ̀gán. Irin pọ́n, ó dán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ni mo bá rántí pé irin Ajẹ́lẹ̀ ni. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti mú un wá, láti ilẹ̀ Haúsá lókè lọ́hùn-ún, n kò lè rọ irú rẹ̀. Bó bá di ìdàrọ́, èmi náà ti di ìdàrọ́. Ọwọ́ mi fà á yọ kó tó ta ẹyọ iná kan.

Mo lù ú. Ó lẹ̀. Ìlà kan kù lójú rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Mo fi òkúta fá ìlà náà, mo fi yanrìn ha á, mo fi epo àti èédú kùn ún, ìlà pòórá. Sùlé padà wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó ní, "Arọ́ kékeré, o gbọ́ṣẹ́!" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ẹ̀rín tó burú jù tí mo tíì rín láyé mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ lọ fi ìjánu náà ṣe, kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó. Lọ́jọ́ Ìléyá ní Ìlọrin, àwọn ẹlẹ́ṣin á tò, wọ́n á tú ẹṣin sílẹ̀, wọ́n á sáré tete bọ̀ tààrà síwájú ọba bí ẹni pé wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà tó bá ku díẹ̀ báyìí, wọ́n á fa ìjánu, ẹṣin á dúró gbọnin, á gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè. Ìkíni nìyẹn. Bí ìjánu bá já lójú eré yẹn, ẹṣin kò ní mọ ẹni tí ń jẹ́ ọba. Wọ́n á wá béèrè pé, "Àgbẹ̀dẹ ta ni irin yìí ti jáde?"

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbéra. Mo gbọ́ pátákò ẹṣin náà bó ṣe ń kọjá. N kò yọjú.

Ọ̀gá dé kí oòrùn tó gun àárín orí. Kò tíì jókòó tó fi rí iná tí mo dá. Ó wo èérún irin tó já bọ́ sídìí òkúta, ó gbé ọ̀kan, ó fi ìka rún un. Ó wo abọ́ erùpẹ̀ ọ̀gán.

"Kí lo jó?"

Mo sọ fún un.

Ó ní, "Ó ta iná àbí kò ta iná?"

"Baba, ó... ó fẹ́ ta."

"Ó fẹ́ ta." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Mo ń retí kó bú mi. Kò bú mi. Ó wọ fìlà rẹ̀ padà, ó mú owú kan àti ẹmú kan kúrò nílẹ̀, ó ní, "Dìde. Àwọn ẹlẹ́ṣin á sinmi ní Àrán-Ọ̀rin títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Jẹ́ ká lọ."

Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Ọlọ́mọ, pẹ̀lú orúnkún yín tó ń dùn yín yẹn..."

Ó ní, "Orúnkún ni. Orí kọ́."

A gba ọ̀nà Rore. Ọ̀gá ń tiro, èmi ń tẹ̀ lé e, mo ń gba àdúrà. Àkọ́kọ́, mo gbàdúrà kí ẹṣin náà kú. Nígbà tó yá, mo gbàdúrà kí Ajẹ́lẹ̀ kú. Nígbà tí a rí òrùlé Àrán-Ọ̀rin lọ́ọ̀ọ́kán, mo gbàdúrà kí èmi fúnra mi kú, nítorí ó jọ pé ìyẹn ló máa yá jù. Mo ní, "Baba, ẹ̀yin lẹ máa bá wọn sọ ọ́, àbí?"

Kò wẹ̀yìn. "Ẹnu tó gbaṣẹ́ ni yóò jẹ́jọ́. Èmi wá láti jẹ́ kí wọ́n mọ ilé tí ẹnu náà ti ń jẹun."

A bá Ajẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi oṣè kan, wọ́n ti tẹ́ ẹní fún un. Ẹṣin pupa ń jẹ koríko, ìjánu wà lórí gàárì nílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde dà bí ìgbe ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Irin yẹn kò jó."

Ajẹ́lẹ̀ wo Sùlé. "Kí ló ń wí?"

Sùlé ní, "Ọ̀gá, ẹ má dá a lóhùn. Èmi fúnra mi fà á. Ó le bí eegun erin." Ó gbé e, òun àti ọkùnrin kan dì í mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n fà á títí iṣan ọrùn wọn fi yọ. Kò já. Wọ́n tún fà á. Kò já. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Sùlé ní, "Arọ́ kékeré, oòrùn ló pa ọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti ń sọ nínú ara mi pé, bóyá ó jó náà ni. Ta ló mọ̀? Bóyá ó ta iná nígbà tí ojú mi ṣẹ́. Mo fẹ́ dìde, kí n tọrọ àforíjì, kí n máa lọ ilé. Ẹ̀rù lè fi irọ́ yó èèyàn bí ẹni fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ yó ọmọ ọwọ́.

Ọ̀gá mi sún mọ́ mi. Ó na owú sí mi. "Gbé e lé òkúta. Ìwọ nìkan lo mọ ojú ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan."

Mo gbé irin náà lé òkúta. Mo wá ibi tí ìlà bí irun orí wà tẹ́lẹ̀. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan.

Ó là bí obì. Inú rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán. Ojú méjèèjì kò tíì kan ara wọn rí láyé wọn, etí nìkan ni wọ́n fi di ara wọn mú, bí tọkọtaya tó ń jà tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín síta fún àlejò.

Ẹ̀rín dákẹ́. Ajẹ́lẹ̀ na ọwọ́, wọ́n kó o fún un. Ó yí i wò, ó tún yí i wò. Ó gbójú sókè, ó wo ẹṣin rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọba ló ń rí.

"Wàláhì," ó ní. "Ta ló jó o?"

Ọ̀gá mi ní, "Ilé mi ni."

Mo ní, "Èmi ni. Baba kò sí nílé." N kò mọ ẹni tó sọ ọ́ lẹ́nu mi.

Ajẹ́lẹ̀ ní, "Bí o bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí tó fi máa bà jẹ́. O lè ti sá lọ láàárọ̀ yìí. Ta ló rán ọ wá?"

Ó yẹ kí n sọ pé òtítọ́ ni. Irú èsì tó yẹ akin nìyẹn. Èyí tó jáde ni, "Ẹ̀rù ni, bàbá."

Èjìká Ajẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. "Ẹ̀rù! Ó dáa. Èmi náà, ẹ̀rù ti bà mí báyìí. Ẹni tó bà á jẹ́ ni kó tún un ṣe. Lójú mi níbí. Bó bá tún là..." Kò parí rẹ̀. Kò sídìí tó fi yẹ kó parí rẹ̀.

Arọ́ Àrán-Ọ̀rin yọ̀ǹda àgbẹ̀dẹ rẹ̀ fún wa. Mo rò pé ọ̀gá á gba ẹmú lọ́wọ́ mi wàyí. Ó kọjá lára mi, ó rọra tẹ orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó jókòó sídìí ẹwìrì, ó di ọ̀pá méjèèjì mú. Ọ̀gá mi, tí gbogbo arọ́ agbègbè ń dọ̀bálẹ̀ fún, ń fẹ́ná fún ọmọṣẹ́ tó ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Ó kàn ń fẹ́ná, kò yá jù, kò falẹ̀ jù.

Irin pọ́n. Mo wọ́n erùpẹ̀. Ó dán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Mo wo ọ̀gá kó lè kígbe. Ó ti di ojú rẹ̀ méjèèjì. Kò ní kígbe. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ẹmú ń dún. Mo sọ fún ọwọ́ náà pé kó máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n kó má fà. Irin funfun sí i. Mo gbọ́ ohùn kan, ṣìì, bí ẹni ń pe ọmọ tó ń sùn. Olúwa mi, ohun tí ọ̀gá ń gbọ́ látọjọ́ yìí nìyẹn! Pàrà, ó ta iná. Pàrà-pàrà.

Mo fà á yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lù ú. Owú kìn-ín-ní ti sọ fún mi. Irin tó jó, ó máa ń rọ̀ wọ ara rẹ̀ lábẹ́ owú, bí ẹni tó rí ilé sùn.

Nígbà tó tutù, Sùlé lù ú lórí òkúta. Ó tún lù ú. Òkúta ló là.

Wọ́n lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá ni n kò fi lè jẹun dáadáa. Bí adìyẹ bá sáré kọjá, pátákò ẹṣin ni mò ń gbọ́. Ní ọjọ́ kọkànlá, Sùlé ya ilé wa lórí ìrìn padà wálé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ obì, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá kó tó sọ̀rọ̀.

"Ó dúró gbọnin. Níwájú ọba. Alihamudulilahi."

Mo bú sẹ́kún. Mo ní èéfín ló kó sí mi lójú. Iná kò sí nínú àgbẹ̀dẹ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá kò yìn mí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo jó irin mìíràn lójú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gba òmìnira, a pa ajá fún Ògún, a jẹ, a mu. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ó ní, "Òmìnira ti irin tòní nìyẹn. Òmìnira rẹ tòótọ́ wà lẹ́nu ẹṣin. Ìyẹn kò tíì ṣẹ́, a kò tíì mọ ibi tó máa gbà ṣẹ́." Ó sì kú kó tó mọ̀.

Nǹkan yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń yọ́ irin láti inú òkúta ilẹ̀ wa ni a ń rà lọ́wọ́ wọn. Irin wọn wúwo, ó kún fún ìdàrọ́, ṣùgbọ́n ó ń jó dáadáa. Irin òyìnbó wá dé láti ìsàlẹ̀ odò, ó tẹ́jú, ó mọ́, owó rẹ̀ sì rọ̀. Àwọn tó ń yọ́ irin pa iná wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi irin ńlá kan rọ́pò òkúta tí mo ń lu irin lé. Irin òyìnbó yára jóná ju tiwa lọ, mo ní láti kọ́ etí mi lákọ̀tun. Mo bà púpọ̀ jẹ́. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Èmi, ìgbà mìíràn, ìbínú nìkan ni mo ń fà yọ. Ṣùgbọ́n ta-iná-kí-n-yọ-ọ́ kò yí padà. Irin ibikíbi, ibẹ̀ ló ti ń jó.

Agbára Ìlọrin náà rọlẹ̀ lórí wa. Ajẹ́lẹ̀ kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ìlú mí kanlẹ̀. Sùlé kò bá a lọ. Ó ti fẹ́ ọmọ Rore, ó ti di àgbẹ̀, ọ̀pá sì ti di ẹṣin rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí mo ti ń ronú pé kí n gbé owú kọ́, Sùlé tiro wọlé. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó tú aṣọ kan, ó gbé irin méjì kalẹ̀.

"Arọ́ kékeré."

"Baba Sùlé, mo ti darúgbó fún orúkọ yẹn."

"Ajẹ́lẹ̀ fi ìjánu yìí sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ. Mo fi ń so màlúù. Ó ṣẹ́ lánàá."

Mo ní, "Níbo?"

"Ṣé o kò rí i ni? Ó ti di méjì."

Mo gbé èyí tó gùn jù lọ síbi oòrùn. Mo fi èékánná wá a, mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Mo rí i. Oríkèé mi wà níbẹ̀, ó wú díẹ̀ bí ọrùn ọwọ́, ó wà ní odidi. Ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni irin náà ti ṣẹ́.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí Sùlé fi ń bẹ̀rù. "Kí ló ṣe ọ́? Ìjánu mi ṣẹ́, o ń rẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Baba Ògúndélé ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mi sílẹ̀ ni."

"Ẹni tó ti kú?"

"Òun náà ni."

Ó mi orí. "Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, èéfín ti wọ yín lọ́pọlọ. Ṣé o máa bá mi jó o àbí o kò ní jó o?"

Mo ní, "Mo máa jó o. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa fẹ́ná."

Ó kùn títí, ó jókòó sídìí ẹwìrì. Mo dá iná, mo wọ́n erùpẹ̀ ọ̀gán, mo di ẹmú mú. Irin pọ́n, ó dán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Sùlé rí i, ó ní, "Arọ́ kékeré, ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́?"

Mo ní, "Dákẹ́, jẹ́ kí n gbọ́."

Mo dúró dè é títí ó fi ta iná.